Ọ̀rọ̀ Tí Ó Wà Lẹ́nu Àpò

“Bàṣírù, dìde.”

Bàṣírù dìde. Àga rẹ̀ ké lórí símẹ́ǹtì. Oṣù karùn-ún ọdún 1984 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdajì, òjò ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ó tíì rọ̀, eruku ọ̀nà sì ń gba ojú fèrèsé wọlé, ó ń bà lé ìwé, ó ń bà lé irun orí.

“Kí ni àwọn atukọ̀ òkun ń pe apá òsì ọkọ̀ ojú omi?”

Bàṣírù wo àjà, ó sì wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Kò rí òkun rí. Bàbá rẹ̀ náà kò rí i rí. Omi tí ó tóbi jù lọ tí ó tíì fojú kàn ni odò Ògùn nígbà tí ó bá kún.

“N kò mọ̀, sà.”

“O kò mọ̀.” Tíṣà Festus sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tí ń tọ́ ọbẹ̀ wò. Ó mú àtòrì lórí tábìlì. “Na ọwọ́.”

Ẹgba mẹ́fà ni. Gbogbo kíláàsì kà á sínú. Nígbà tí ó pé, Bàṣírù jókòó, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ sí abẹ́ abíyá.

“Mọ́ládé. Ọ̀rọ̀ wo ni àwọn amòfin ń lò fún ẹ̀rí tí ẹlẹ́rìí kò fojú ara rẹ̀ rí, tí ó kàn gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn?”

Mọ́ládé kò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n kò tíì dìde tán tí ó ti fi ohùn gbọnrangandan dárúkọ ọ̀rọ̀ òyìnbó kan tí ó rí níbi kan, tí ó gùn, tí ó sì dún bí ohun tí amòfin lè sọ.

Tíṣà rẹ́rìn-ín. “Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ó ti sọ ọ́! Jókòó, ọmọ mi. Ẹni tí ó bá dáhùn tí ó sì ṣì í, ó ti gbìyànjú. Ẹni tí ó bá ní òun kò mọ̀, ọ̀lẹ ni. Ẹgba mẹ́fà sì ni oúnjẹ ọ̀lẹ nínú kíláàsì mi.”

Bí wọ́n ti ń kọ́ni ní Ilé-Ìwé Girama Òkè-Ọ̀sán lọ́dún náà nìyí. Ìdíje ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ ń bọ̀ ní Ṣakí ní oṣù kẹfà. Wọ́n á ti bi àwọn ọmọ léèrè ọ̀rọ̀ tí kò wọ́pọ̀ láti inú oríṣiríṣi iṣẹ́: ti oníṣègùn, ti amòfin, ti atukọ̀, ti àwọn tí ń ka ìràwọ̀. Tíṣà Festus ń retí ìgbéga. Ilé-ìwé tí ó bá gba ipò kìíní kò ní ṣàì gbé tíṣà rẹ̀ lékè. Mọ́ládé ni ẹni tí ó gbójú lé.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Mọ́ládé. Ìwé àjákọ kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí irínwó ọ̀rọ̀ àti méjìlá wà nínú rẹ̀. Ó mọ orúkọ ìbẹ̀rù ibi gíga. Ó mọ orúkọ ìmọ̀ nípa òkúta. Ó mọ ohun tí wọ́n ń pe egungun tí ó kéré jù lọ nínú etí. Láàárín oṣù márùn-ún, ó ti mọ ohun mìíràn tí ẹnikẹ́ni kò kọ sínú ìwé fún un: bí a kò bá ti sọ pé a kò mọ̀, wọn kò ní nà wá.

Abà Ládòkun ni ilé rẹ̀, máìlì mẹ́rin sí ilé-ìwé, ní ìhà Àgọ́-Àrẹ. Ilé mọ́kàndínlógún ni ó wà níbẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo ni ó sì ń lọ sí girama. Òun ni ó ń ka lẹ́tà fún wọn. Bí wọ́n bá ti ilé ìwòsàn dé pẹ̀lú káàdì, òun ni. Bí wọ́n bá ra oògùn inú ìgò, òun ni. Wọ́n sọ ọ́ ní Ìwé-Atúmọ̀. Bàbá rẹ̀ ti kú láti ọdún mẹ́fà. Ìyá rẹ̀, Àtọ́kẹ́, ń ran òwú fún àwọn ahunṣọ Ìsẹ́yìn, ìka rẹ̀ mọ òwú tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi lè di ojú kí ó sì sọ ibi tí òwú ti fẹ́ já. Bàbá ìyá rẹ̀, Ọdẹ́bọ̀dé, ni àgbà gbogbo ọdẹ abà náà.

Ebi wà nílùú. Iná ọyẹ́ tí ó jà kọjá ní ọdún tí ó ṣáájú ti jó abà iṣu, ó jó oko gbágùúdá, ó sì jó pápá tí ewúrẹ́ ń jẹ. Ní ìparí oṣù kẹta, lọ́rì ìjọba kan já àpò àgbàdo mẹ́wàá sílẹ̀ lábẹ́ igi ẹ̀mí, igi òrí tí ó wà láàárín abà. Dẹ́rẹ́bà kò pa ẹ́ńjìnnì. Ó yọ orí láti ojú fèrèsé:

“Irúgbìn ni o! Ẹ gbìn ín. Ọ̀gá àgbẹ̀ ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ láti wá ṣàlàyé fún yín.”

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ náà kọjá. Èyí tí ó tẹ̀lé e kọjá. Ọ̀gá kò wá. Nígbà tí òjò kan rọ̀, wọ́n gbin àpò mẹ́fà. Òjò padà sẹ́yìn, oòrùn sì jó gbogbo èéhù náà pa. Ó ku àpò mẹ́rin. Àgbàdo inú wọn pupa bí osùn tí a bomi là. Wọ́n sì rán páálí kékeré kan mọ́ ẹnu àpò kọ̀ọ̀kan.

*

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni Ìyá Àsíátù mú páálí náà wá. Àdìjátù ni orúkọ rẹ̀, ilé rẹ̀ kọjú sí ilé Àtọ́kẹ́, ẹ̀rín kì í sì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀ kódà nígbà tí ìkòkò ṣófo. Àsíátù, ọmọ ọdún méje, di etí ìró rẹ̀ mú. Mọ́ládé kò tíì sọ àpò ìwé kalẹ̀.

“Ìwé-Atúmọ̀ wa dé! Yára wá sọ̀rọ̀, ebi ti fẹ́ pa wá tán.”

“Ẹ jẹ́ kí ó mumi ná, Ìyá Àsíátù,” ni Àtọ́kẹ́ wí, ìrànwú ń yí lọ́wọ́ rẹ̀.

“Omi kẹ̀! Ọmọ tó ti mu òyìnbó yó láti àárọ̀? Mọ́ládé, wo èyí fún mi. A fẹ́ mọ̀ bóyá a lè se é. Ilẹ̀ kò gbà á, àfi kí ikùn gbà á.”

Mọ́ládé gba páálí. Ìlà márùn-ún ni, lẹ́tà wẹ́wẹ́. Ó rí ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí irúgbìn, ó rí àgbàdo, ó rí ọdún. Ní ìlà kẹta, ó rí ọ̀rọ̀ méjì tí ó so mọ́ra, tí ó gùn, tí kò sí nínú irínwó àti méjìlá rẹ̀.

Ẹni tí ó tẹ páálí náà kò kọ “májèlé”, ọ̀rọ̀ tí ọmọ kíláàsì kìíní girama mọ̀ lédè òyìnbó. Ó kọ orúkọ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pe irú májèlé náà láàárín ara wọn. Kò ya egungun orí, àmì ikú, sí i. Kò fi Yorùbá sọ gbólóhùn kan. Ó jọ pé ó gbà pé gbogbo àgbẹ̀ Òkè-Ògùn ni ó jáde yunifásítì.

Mọ́ládé wo ọ̀rọ̀ náà. Ìyá Àsíátù ń wo ẹnu rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ti dá ìrànwú dúró. Àsíátù pàápàá ti la ẹnu sílẹ̀, bí ẹni pé wọ́n fẹ́ fi nǹkan sí i. Àtẹ́lẹwọ́ Mọ́ládé bẹ̀rẹ̀ sí í ta á, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tí ó nà án.

“Orúkọ ẹ̀yà àgbàdo náà ni,” ni ó wí. “Aró ni wọ́n fi pa á lára, kí a lè dá a mọ̀ yàtọ̀ sí ti ọjà. Bí ẹ bá fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, yóò lọ.”

Lẹ́ẹ̀mẹta. Kò mọ ibi tí iye náà ti wá. Ṣùgbọ́n iye náà ni ó jẹ́ kí irọ́ náà rí bí òótọ́.

“Ọmọ dára!” Ìyá Àsíátù pàtẹ́wọ́. “Àwa ì bá jókòó ti oúnjẹ kí ebi pa wá kú!”

“Mọ́ládé.”

Bàbá Ọdẹ́bọ̀dé ni, lórí àpótí lábẹ́ igi ẹ̀mí, ó ń tún okùn ìbọn ṣe. Kò gbójú sókè.

“Bàbá.”

“Ṣé o mọ̀ ọ́n ni, àbí o rò ó?”

Ilé-ìwé jìnnà ní máìlì mẹ́rin. Ìwé atúmọ̀ ńlá wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù Tíṣà Festus. “Ẹ jẹ́ kí n wò ó lọ́la.” Gbólóhùn kan péré ni, kò sì wúwo. Ṣùgbọ́n Ìyá Àsíátù ti pàtẹ́wọ́ tán.

“Mo mọ̀ ọ́n, Bàbá.”

Bàbá dìde. Ó bu hóró díẹ̀ láti inú igbá Ìyá Àsíátù, ó gbé e símú, ó sì kó o sórí òkúta bí ẹni tí ó kó ẹyin sílẹ̀.

“Èmi kò mọ̀ ọ́n,” ni ó wí. “Nígbà tí mo wọ ẹgbẹ́ ọdẹ, tí a bá rí olú tí ó ṣàjèjì nínú igbó, àgbà wa ni ó máa ń kọ́kọ́ sọ pé, ‘Èmi kò mọ̀ ọ́n.’ Lẹ́yìn náà ni èyí tí ó tẹ̀lé e yóò sọ, títí yóò fi kan ọmọdé. Kí ojú má baà ti ọmọdé láti sọ ọ́ ni àgbà ṣe ń ṣíwájú. Ọlọ́gbọ́n kan kò ta kókó omi sétí aṣọ, ọ̀mọ̀ràn kan kò sì mọ oye erùpẹ̀ ilẹ̀. N kò ní jẹ ẹ́.”

“Bàbá, ẹ̀yin ọdẹ àti ìfura!” ni Ìyá Àsíátù wí. “Ó dáa, adìẹ la ó kọ́kọ́ fún. Bí adìẹ bá kú, a ó sin ín. Bí kò bá kú, bísímílà.”

*

Adìẹ kò kú. Wọ́n jẹ ẹ́ lọ́jọ́ kìíní, wọ́n jẹ ẹ́ lọ́jọ́ kejì, àkùkọ sì kọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta bí ó ti ń ṣe.

Nítorí náà wọ́n fọ àgbàdo náà lẹ́ẹ̀mẹta. Omi àkọ́kọ́ pupa, èkejì pupa díẹ̀, ẹ̀kẹta mọ́. Inú gbogbo wọn dùn pé ó rí gẹ́lẹ́ bí Mọ́ládé ti wí. Wọ́n se é ní ègbo, wọ́n lọ̀ ọ́ ní ògì. Ìyá àgbà Dúróríkẹ́, opó tí kò ní eyín mọ́, ni wọ́n ń gbé ògì fún láràárọ̀, ó sì ń gbàdúrà fún ẹni tí ó ka ìwé. Àtọ́kẹ́ jẹ. Mọ́ládé náà jẹ, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni, ó ní ọ̀fun ń dun òun. Bàbá nìkan ni ó ń jẹ ìwọ̀nba èlùbọ́ tí ó kù, ẹnikẹ́ni kò sì bá a jiyàn.

Ẹ̀yìn ilé ìdáná ni wọ́n ń da omi pupa náà sí. Ní ọjọ́ karùn-ún, Mọ́ládé rí i pé àwọn èèrà tí ń tò láti ara ògiri lọ sí ibi ààtàn ti pa ọ̀nà dà. Wọ́n yí ibẹ̀ po láti òkèèrè, bí ènìyàn ti ń yí ojú oórì po. Ó dúró, ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó fi ẹsẹ̀ wọ́ eruku bo ibẹ̀.

Lójoojúmọ́ ni ó ń rí kọ́bọ́ọ̀dù Tíṣà Festus. Lójoojúmọ́ ni ó ń kọjá lára rẹ̀. Bí ó bá tọrọ ìwé náà, tíṣà yóò béèrè ọ̀rọ̀ tí ó fẹ́ wò. Bí tíṣà bá béèrè, yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan wà tí kò mọ̀. Ìtìjú kékeré ni, ṣùgbọ́n ó fi í ṣe ilẹ̀kùn, ó sì tì í mọ́ ara rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejìlá, ewúrẹ́ Ìyá Àsíátù tí ó ń jẹ èérí ògì bẹ̀rẹ̀ sí í yí lójú kan. Ó ń yí, ó ń yí, àfi bí ẹni tí ó so ó mọ́ òpó. Ní ìrọ̀lẹ́, ó fi orí lu ògiri, ó sì kú. Wọ́n ní ejò ni.

Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún, Àsíátù wá bá Mọ́ládé níbi tí ó ti ń fọ aṣọ ilé-ìwé.

“Àǹtí Mọ́ládé, kí ni wọ́n ń pe kí èèrà máa rìn nínú ẹsẹ̀ ènìyàn?”

“Lára ẹsẹ̀?”

“Nínú ẹsẹ̀. Àti nínú ọwọ́. Mo ń nù ún, kò lọ.” Ọmọ náà yí padà láti máa sáré lọ bí ó ti máa ń ṣe. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́ ara wọn. Ó ṣubú, ó dìde, ó tún ṣubú. Ó rẹ́rìn-ín, nítorí ó rò pé eré ni.

Mọ́ládé kò rẹ́rìn-ín. Láti inú yàrá, ó gbọ́ tí ìyá rẹ̀ ń sọ fún ara rẹ̀ pé, “Kí ló ṣe ìka mi lónìí yìí? N kò mọ ibi tí òwú wà.”

*

Ní ọjọ́ kejì, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó dúró lójú kọ́bọ́ọ̀dù. Ó wí pé òun fẹ́ wo ọ̀rọ̀ kan. Ó rí i ní ojú ìwé tí ó ti fẹ́ ya. Ìtumọ̀ náà kò ju ìlà méjì lọ: oògùn olóró tí a fi ń pa irúgbìn lára kí ó má baà jẹrà nínú ilẹ̀, májèlé tí ń wọ inú ọpọlọ. Ó kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Kò yí padà.

“Jẹ́ kí n rí i.” Tíṣà Festus ti dé ẹ̀yìn rẹ̀. Ojú rẹ̀ tàn. “Áà! Ọ̀rọ̀ àtàtà nìyí! Ti àgbẹ̀ àti ti oníṣègùn lẹ́ẹ̀kan náà. Kọ ọ́ sínú ìwé rẹ. Níbo ni o ti rí i?”

“Lára àpò àgbàdo tí a ti ń jẹ nílé láti ọ̀sẹ̀ méjì, sà.”

Tíṣà wo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó lọ ti ilẹ̀kùn.

“Ta ni ó sọ pé kí wọ́n jẹ ẹ́?”

“Èmi ni, sà. N kò mọ ọ̀rọ̀ náà. Mo fèsì.”

Ohùn tíṣà rọ̀ bí òwú. “Mọ́ládé, gbọ́ mi dáadáa. Ìdíje di ọjọ́ Ẹtì. Ọjọ́ mẹ́ta péré. Bí o bá lọ sọ èyí nílé lónìí, ariwo yóò ta, o kò ní lè lọ sí Ṣakí. Wọ́n ti jẹ ẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Kí ni ọjọ́ mẹ́ta fẹ́ fi kún un? Lẹ́yìn ìdíje, èmi fúnra mi yóò bá ọ lọ.”

Mọ́ládé wò ó. Ó rí ọkùnrin kan tí ó mọ ìtumọ̀ ẹgbẹ̀rún ọ̀rọ̀, tí ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ìtumọ̀ ọ̀kan tán, tí kò sì gbọ́ nǹkan kan.

“Abọ́ mẹ́fà ni, sà,” ni ó wí.

“Abọ́ kí ni?”

“Abọ́ ègbo. Àsíátù ń jẹ méjì lójúmọ́.”

Ó já ojú ìwé náà kúrò nínú ìwé atúmọ̀. Ohun tí ilé-ìwé lè torí rẹ̀ lé ènìyàn lọ ni. Ó ṣí ilẹ̀kùn tí tíṣà tì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré.

*

Ìkòkò wà lórí iná nígbà tí ó dé. Ìyá Àsíátù ń fi ọmọrogùn ro ó, Àtọ́kẹ́ mú igbá lọ́wọ́. Mọ́ládé kò kí ẹnikẹ́ni. Ó fi ẹsẹ̀ ti ìkòkò náà lulẹ̀. Ègbo gbígbóná dà sínú eérú, ó hó.

“Ìyá Mọ́ládé, ẹ wá wo ọmọ yín o! Àbí ìwé ti dà á lórí rú? Oúnjẹ ọmọ mi ni o tì dà nù un!”

“Ẹ má jẹ ẹ́ mọ́.” Èémí kò jẹ́ kí ohùn rẹ̀ jáde tán. “Májèlé ni. Májèlé ni wọ́n fi pa á lára.”

“Májèlé wo? Ìwọ tí o kà á fún wa, ìwọ tí o ní—”

“N kò mọ̀ ọ́n, Ìyá Àsíátù. Lọ́jọ́ náà, n kò mọ̀ ọ́n. Ojú ń tì mí láti sọ bẹ́ẹ̀. Mo parọ́.”

Ẹ̀rín kú lójú Ìyá Àsíátù. Kò lù ú, kò sì bú u. Ó wo ọmọ rẹ̀ tí ó jókòó lórí ẹní, tí ó ń gbìyànjú láti mú ife omi, tí ọwọ́ rẹ̀ ń kọjá lára ife náà lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà náà ni ó ké, igbe kan ṣoṣo, tí àwọn tí ó wà lóko gbọ́.

Bàbá Ọdẹ́bọ̀dé kò sọ pé, “Mo wí bẹ́ẹ̀.” Ó gbé Àsíátù kọ́ ẹ̀yìn, ó sì mú ọ̀nà títì pọ̀n. Lọ́rì elédùú kan ni ó gbé òun, Mọ́ládé, Àtọ́kẹ́ àti Ìyá Àsíátù dé ilé ìwòsàn ní Ṣakí.

Dókítà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí oorun hàn lójú rẹ̀, ka ojú ìwé tí Mọ́ládé já wá. Ó ka páálí. Ó sọ fún wọn láìfi pamọ́ pé èyí tí ó ti wọ inú ọpọlọ, òun kò ní oògùn tí ó lè fà á jáde. Pé bí wọ́n bá ti jẹ ẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan sí i, òkú ọmọ náà ni wọn ì bá gbé wá bá òun.

“Ta ni ó ka páálí yìí fún yín?” ni ó béèrè.

Àtọ́kẹ́ wo ilẹ̀.

“Èmi ni,” ni Mọ́ládé wí.

Ìyá àgbà Dúróríkẹ́ kú ní ọjọ́ kọkànlá lẹ́yìn tí wọ́n ti Ṣakí dé. Àtọ́kẹ́ kò ran òwú mọ́. Ìka rẹ̀ wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n bí òkú ni. Àsíátù yè. Ọ̀rọ̀ ń wọ́ lẹ́nu rẹ̀ bí ẹni tí ó ń sùn, ó sì ń wo ayé bí ẹni ń wò ó láti inú ihò ìbọn: ohun tí ó bá wà níwájú gan-an nìkan ni ó ń rí.

Kò sí ẹni tí a pè lẹ́jọ́. Ẹni tí ó tẹ páálí wà ní ibi tí ó wà. Dẹ́rẹ́bà ń wa lọ́rì rẹ̀. Tíṣà Festus mú ọmọ mìíràn lọ sí Ṣakí, wọ́n gba ipò kejì, nígbà tí ọdún sì yí po, wọ́n gbé e ga. Èyí tí Mọ́ládé ṣe kò pa tiwọn rẹ́, tiwọn kò sì pa tirẹ̀ rẹ́.

*

Ní oṣù kẹjọ, ọ̀gá àgbẹ̀ dé. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tí dẹ́rẹ́bà wí ti di oṣù márùn-ún. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó mú páádì ìtẹ̀ka dání àti ìwé kan, ìwé òyìnbó. Ó ní inú ìjọba bàjẹ́ fún ohun tí ó ṣẹlẹ̀, pé kí gbogbo olórí ilé wá tẹ̀ka, kí ìrànwọ́ lè tètè dé.

Àwọn ènìyàn tò. Ládòkun, baálẹ̀ abà náà, ti na àtàǹpàkò.

“Ẹ dúró.”

Ìyá Àsíátù ni. Láti ọjọ́ ìkòkò yẹn, kò tíì bá Mọ́ládé sọ̀rọ̀. Kò dá a lóhùn bí ó bá kí i. Kò wo apá ibi tí Mọ́ládé dúró sí nísinsìnyí pàápàá.

“Ẹ pe ọmọ yẹn kí ó kà á.”

“Ọmọ wo?” Ọ̀gá rẹ́rìn-ín músẹ́. “Màmá, ìwé lásán ni, kò lè yé ọmọdé.”

Mọ́ládé jáde. Ó gba ìwé náà. Ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ohùn rẹ̀ kò ga, kò sì rẹlẹ̀. Ó ń sọ ìlà kọ̀ọ̀kan ní Yorùbá: pé wọ́n gba àpò mẹ́wàá, ọjọ́ báyìí, oṣù báyìí. Nígbà tí ó dé gbólóhùn tí ó kẹ́yìn, ó dúró. Ọ̀rọ̀ amòfin kan wà níbẹ̀. Ó jọ pé ó ti rí i rí. Ó lè rò ó. Gbogbo abà ń wo ẹnu rẹ̀.

“N kò mọ ọ̀rọ̀ yìí,” ni ó wí.

“Kò ṣe nǹkan,” ni ọ̀gá wí kíákíá. “Kò ṣe pàtàkì. Kí wọ́n ṣáà tẹ̀ka.”

“N kò mọ̀ ọ́n, sà. N ó lọ wò ó.”

“Èmi ń padà sí Ìbàdàn lónìí!”

Bàbá Ọdẹ́bọ̀dé dìde lórí àpótí rẹ̀. “Èmi náà kò mọ̀ ọ́n,” ni ó wí.

Ládòkun fa ọwọ́ rẹ̀ padà, ó fi nu aṣọ. “Èmi náà kò mọ̀ ọ́n.”

“Èmi kò mọ̀ ọ́n,” ni Àtọ́kẹ́ wí.

Ó ń lọ láti ẹnu dé ẹnu, ó yí ìdí igi ẹ̀mí po, títí ó fi kan Ìyá Àsíátù. Ó yí padà. Nígbà tí ó sọ ọ́, ojú Mọ́ládé ni ó ń wò.

“Èmi náà kò mọ̀ ọ́n.”

Ọ̀gá kó páádì rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò tẹ̀ka lọ́jọ́ náà.

Bàṣírù, ẹni tí ó gba ẹgba mẹ́fà, ni ó bá Mọ́ládé wá ọ̀rọ̀ náà rí. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹni tí ó bá fọwọ́ sí ìwé náà ti gbà pé wọ́n kìlọ̀ fún òun tẹ́lẹ̀, àti pé kò ní ẹ̀tọ́ láti fi ẹnikẹ́ni sùn láéláé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí ní kíláàsì, ẹ óò pàdé tíṣà tí yóò nà yín nítorí pé ẹ kò mọ̀. Ẹ jẹ́ kí ó nà yín. Ẹgba mẹ́fà a máa jinná láàárín ọjọ́ méjì. Abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà; ẹni tí ó bá fi ìtìjú bo àìmọ̀ mọ́lẹ̀ ni ó ń ṣi ara rẹ̀ àti àwọn tí ó gbẹ́kẹ̀ lé e lọ́nà. Ẹni tí kò bá sì lè sọ pé òun kò mọ̀, kò yẹ kí a gbé ìwé fún un kà.

Ìwé àjákọ Mọ́ládé ṣì wà. Irínwó ọ̀rọ̀ àti méjìlá ṣì wà nínú rẹ̀, kò fi ẹyọ kan kún un. Ó yí ìwé náà dojú dé, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Ní òkè ojú ìwé náà, ó fi lẹ́tà gàdàgbà-gàdàgbà, tí Àsíátù lè rí bí a bá gbé e sí iwájú rẹ̀ gan-an, kọ ọ́ pé: *Àwọn Ohun Tí N Kò Mọ̀.*

Ohun àkọ́kọ́ tí ó kọ sábẹ́ rẹ̀ ni ìbéèrè ọmọ náà: kí ni wọ́n ń pe kí èèrà máa rìn nínú ẹsẹ̀ ènìyàn.